Ẹni Tí Ó Ṣẹ́rí Padà Kò Sá fún Kádàrà

Gbogbo ọpẹ́ ni ti Ọlọ́hun, Ọba tí ó tẹ́ ilẹ̀ fún wa láti rìn, tí ó sì fi òye yé ọmọ ènìyàn títí tí òun náà fi ń fò ní sánmọ̀ bí ẹyẹ. 

Ọ̀rọ̀ ìbalẹ̀ ọkọ̀ òfurufú ni a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí. Ẹni tí ó ń gbé ní Èjíòkú, ní Àkàǹrán tàbí ní Mọ́níyà lè sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn olówó nìyẹn, pé oko ẹ̀gẹ́ àti ọkọ̀ akérò ni tòun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Alákíà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ẹ̀gbẹ́dá, ni pápákọ̀ òfurufú Ìbàdàn wà. Orí ilé wa àti orí oko wa ni bàálù ń gbà kọjá kí ó tó balẹ̀. Bí ó bá sì ṣìnà, inú igbó wa ni yóò já sí. Àwọn bàbá àti ìyá wa tí ń lọ sí Mẹ́kà lọ́dọọdún ńkọ́? Bàálù ni ó ń gbé wọn lọ, òun náà ni ó ń gbé wọn bọ̀. Àlọ wọn a máa dùn mọ́ wa, ṣùgbọ́n àbọ̀ wọn ni a ń dúró dè.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, 3 oṣù Kọkànlá ọdún 2023, bàálù kékeré kan tí ilé iṣẹ́ Flint Aero ń lò gbéra ní Àbújá, ó ń bọ̀ ní Ìbàdàn. Ènìyàn 10 ni ó wà nínú rẹ̀, Olóyè Adébáyọ̀ Adélabú, ọmọ Ìbàdàn tí ó jẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ iná mànàmáná nígbà náà, sì wà lára wọn. Kàkà kí ọkọ̀ náà dúró jẹ́ẹ́ lórí títì tí a ṣe fún un, inú igbó nítòsí pápákọ̀ ni ó parí sí. Ọlọ́hun yọ wọ́n. Ẹnikẹ́ni kò kú.

Irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ a máa mú ọ̀rọ̀ méjì jáde lẹ́nu wa. Èkínní ni Alhamdulillaahi. Ọ̀rọ̀ òdodo ni, kí Ọlọ́hun má gbà á lẹ́nu wa. Èkejì ni pé "àmúwá Ọlọ́hun ni." Òdodo ni èyí náà, nítorí pé kò sí ewé kan tí í já bọ́ lẹ́yìn ìmọ̀ Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a ń gbà lo ọ̀rọ̀ kejì yìí ni kò dára. A sọ ọ́ di ìdérí ìkòkò. Bí ohun búburú bá ti ṣẹlẹ̀, a ó fi dé e, a ó sì bá tiwa lọ. Kò sí ẹni tí yóò béèrè ohun tí ó bàjẹ́, kò sí ẹni tí yóò béèrè ẹni tí ó yẹ kí ó tún un ṣe. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, irú rẹ̀ a tún ṣẹlẹ̀, a ó sì tún wá ìdérí náà. Èrò tiwa ni pé ẹni tí ó gba kádàrà gbọ́ gan-an ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ béèrè pé kí ni ó fà á.

BÍ BÀÁLÙ ṢE Ń BALẸ̀

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ìbalẹ̀ jẹ́. Bàálù ńlá tí ó ń bọ̀ wá balẹ̀ a máa sáré ju 200 kìlómítà lọ ní wákàtí kan. Títì tí yóò bà lé kì í sábà gùn ju kìlómítà mélòó kan lọ. Nítorí náà, ó gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ títì náà, kí èyí tí ó kù lè tó o láti fi dúró. Bí òjò bá rọ̀ tí omi dúró lórí títì, táyà a máa yọ̀. Bí atẹ́gùn bá ń tì í lẹ́yìn, sísáré rẹ̀ a pọ̀ sí i. Bí ẹrù bá wúwo jù, bẹ́ẹ̀ náà ni.

Nítorí gbogbo èyí, òfin kan wà fún awakọ̀ òfurufú. Bí gíga bàálù kò bá ṣe déédéé, tàbí tí eré rẹ̀ pọ̀ jù, tàbí tí ojú rẹ̀ kò rí títì nígbà tí ó ti sọ̀ kalẹ̀ dé ìwọ̀n tí a là sílẹ̀, kò gbọdọ̀ fi agídí balẹ̀. Kí ó gbé bàálù sókè padà ni, kí ó yípo, kí ó tún wá, tàbí kí ó gba pápákọ̀ mìíràn lọ. Ẹ fi òfin yìí sọ́kàn, nítorí pé òun ni ọ̀rọ̀ wa dá lé.

Ní 13 oṣù Keje ọdún 2025, bàálù Air Peace kan tí ó gbé ènìyàn 103 láti Èkó balẹ̀ ní Port Harcourt. Títì ibẹ̀ gùn tó 3,000 mítà. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń ṣe ìwádìí ìjàǹbá ìrìnnà, èyí tí a ń pè ní NSIB, sọ nínú àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ àkọ́kọ́ pé ìgbà tí bàálù náà ti kọjá 2,264 mítà lórí títì ni ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan ilẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin títì ti lọ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa bíréèkì. Ó kọjá òpin títì ní 209 mítà kí ó tó dúró. Kò sí ẹni tí ó kú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ó ń rí bẹ́ẹ̀.

KANO, JEDDAH ÀTI PORT HARCOURT

Ní 22 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1973, ìṣẹ́ hajì parí, àwọn alálàájì wa sì ń bọ̀ wá sílé. Ilé iṣẹ́ Nigeria Airways háyà bàálù Boeing 707 kan lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú orílẹ̀-èdè Jọ́dánì láti kó wọn láti Jeddah wá sí Èkó. Ojú ọjọ́ kò dára ní Èkó, bàálù náà sì gba Kano lọ. Atẹ́gùn líle ń fẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí ó ti ń balẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kọ lu ibi tí títì ti jìn, ẹsẹ̀ náà ṣẹ́, bàálù yí bírí kúrò lórí títì, iná sì sọ. Nínú ènìyàn 202 tí ó wà nínú rẹ̀, 176 ni ó kú. Ní àkókò náà, kò tíì sí ìjàǹbá bàálù kan tí ó pa ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ rí ní gbogbo ayé. Títí di òní, kò sí èyí tí ó jù ú lọ lórí ilẹ̀ Nàìjíríà. Wọ́n ti wẹ̀ mọ́ nínú hajì wọn, wọ́n sì ti fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ orílẹ̀-èdè wọn kí ikú tó bá wọn. A bẹ Ọlọ́hun kí ó kà wọ́n mọ́ àwọn ẹni rere. Ṣùgbọ́n ibi tí ó jìn lórí títì ńkọ́? Títì kì í dédé jìn. Ẹnì kan ni iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti rìn ín, láti wò ó, kí ó sì dí i.

Ní 11 oṣù Keje ọdún 1991, ó tún ṣẹlẹ̀ sí àwọn alálàájì wa. Bàálù DC-8 ilé iṣẹ́ Nationair ti ilẹ̀ Kánádà ni a háyà láti kó wọn láti Jeddah lọ sí Sókótó. Afẹ́fẹ́ inú táyà rẹ̀ méjì kò tó. Àwọn mẹkáníìkì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra. Afẹ́fẹ́ tí wọn yóò fi kún un kò sí nítòsí, ọ̀gá tí ń darí iṣẹ́ náà kò sì fẹ́ kí ọkọ̀ pẹ́ ju àkókò lọ; wọ́n fọwọ́ sí i pé ó yẹ fún ìrìn. Bí bàálù ti ń sáré láti gbéra, táyà bẹ́, ó gbiná. Wọ́n ká ẹsẹ̀ bàálù wọ inú pẹ̀lú iná lára rẹ̀. Awakọ̀ sapá láti darí rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n iná ti jẹ ikùn ọkọ̀ kí ó tó dé ibi ìbalẹ̀. Ènìyàn 261 ni ó kú, kò ku ẹyọ kan.

Ẹ̀yin ènìyàn, ìfọwọ́sí lórí bébà ni ó pa àwọn 261 yìí. Ẹni tí a fi táyà ọkọ̀ alálàájì ṣọ́, àmánà ni a fi ṣọ́ ọ. Ẹni tí ó fi ọwọ́ sí irọ́ nítorí pé àkókò ń lọ ti jẹ àmánà náà run. Kí ni a ó wá pè é bí a bá di gbogbo rẹ̀ ru kádàrà?

Ẹ̀kẹta ni ti 10 oṣù Kejìlá ọdún 2005. Bàálù Sosoliso gbéra ní Àbújá, ó ń lọ sí Port Harcourt. Ènìyàn 110 ni ó wà nínú rẹ̀. 61 nínú wọn jẹ́ ọmọ ilé ìwé Loyola Jesuit tí ń lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ òbí wọn. Ènìyàn 108 ni ó kú. Ẹ jẹ́ kí a ka ohun tí ìwádìí sọ bí ẹni ka ìlẹ̀kẹ̀. Awakọ̀ kọjá ìwọ̀n tí ó yẹ kí ó ti ṣẹ́rí padà, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì rí títì. Nígbà tí ó fẹ́ gbé ọkọ̀ sókè, ó ti pẹ́. Ojú ọjọ́ burú, atẹ́gùn sì ń yí padà lójijì. Iná ojú títì kò sí ní títàn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì náà ni gọ́tà oníkọnkéré kan wà tí a kò dé. Òun ni bàálù kọ lù tí ó fi fọ́ yángá, tí iná fi gbà á.

Ìlẹ̀kẹ̀ márùn-ún lórí okùn kan! Bí a bá fa ọ̀kan ṣoṣo yọ nínú wọn, bóyá àwọn ọmọ náà ì bá ti di bàbá àti ìyá ọmọ lónìí. Ẹni tí yóò tan iná wà. Ẹni tí yóò dé gọ́tà wà. Ẹni tí yóò ṣẹ́rí padà wà. Ọlọ́hun ni ó ni ẹ̀mí, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ó gba owó oṣù láti dé gọ́tà.

SAYYIDINA UMAR NÍ SARGH

Ẹnì kan lè sọ pé, "Ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ pé, ọjọ́ rẹ̀ pé, kí ni ìṣẹ́rípadà fẹ́ ṣe?" Ẹ jẹ́ kí Sayyidina Umar, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, dá a lóhùn.

Nígbà ìjọba rẹ̀, ó kúrò ní Mẹ̀dínà, ó ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáàmù. Nígbà tí ó dé ibi tí a ń pè ní Sargh, àwọn ọ̀gá ọmọ ogun wá pàdé rẹ̀, wọ́n sì ròyìn fún un pé àjàkálẹ̀ àrùn ti bẹ́ sílẹ̀ níwájú. Ó pe àwọn Muhájírúùnà, ohùn wọn kò ṣọ̀kan. Ó pe àwọn Ansáárì, bákan náà ni. Àwọn kan ní kò yẹ kí ó padà lẹ́yìn tí ó ti jáde fún ohun pàtàkì. Ó wá pe àwọn àgbà Kùráéṣì, àwọn ni ó fi ohùn kan gbà á níyànjú láti padà. Ó kéde pé ilẹ̀ bá mọ́, ilé yá. Abu Ubaydah bi í léèrè bóyá kádàrà Ọlọ́hun ni ó ń sá fún. Èsì tí Umar fọ̀ ni pé àwọn ń sá nínú kádàrà Ọlọ́hun bọ́ sínú kádàrà Ọlọ́hun ni. Kò pẹ́ tí Abdur-Rahman ọmọ Awf fi dé, tí ó sì jẹ́rìí pé òun gbọ́ ọ lẹ́nu Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, pé ẹni tí ó bá gbọ́ pé àrùn bẹ́ẹ̀ wà ní ilẹ̀ kan kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀.

Ohun tí awakọ̀ òfurufú ń ṣe nígbà tí ó gbé bàálù sókè padà kò yàtọ̀ sí èyí. Umar ti rin ọ̀nà jíjìn. Àwọn ènìyàn ń dúró dè é níwájú. Ìtìjú kékeré kọ́ ni kí ọba ṣẹ́rí padà lójú ọ̀nà. Síbẹ̀, ó béèrè, ó gbọ́, ó sì padà. Kò sí ẹni tí ó gba kádàrà gbọ́ jù ú lọ nínú wa.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa tí a ń wọ ọkọ̀. Bí awakọ̀ bá gbé wa lọ sí ìlú mìíràn nítorí ojú ọjọ́, tí a dé ilé ní ọjọ́ kejì, èébú ni a máa ń bù. A ó ní wọ́n fi àkókò wa ṣòfò, a ó ní ẹni ńlá ni àwa, a ó pe ẹni tí a mọ̀ ní ìjọba. Bí awakọ̀ bá gbọ́ èébú yìí ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá, ní ìgbà kọkànlá, ó lè fi agídí balẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a yí ìwà yìí padà. Awakọ̀ tí ó bá ṣẹ́rí padà, kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kódà bí àsè ìkíni-káàbọ̀ tilẹ̀ tutù sílé.

Àwọn alálàájì wa pẹ̀lú, ẹ gbọ́. Ìwọ̀n ẹrù tí a fún yín ní òfin, ìṣirò wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó fi ẹrù pamọ́ sábẹ́ aṣọ kí a má baà wọ̀n ọ́n ti ba ìṣirò awakọ̀ jẹ́. Bí ìjàǹbá bá sì ṣẹlẹ̀, ẹ fi ẹrù sílẹ̀. Ní 2 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, bàálù ilé iṣẹ́ Japan Airlines kan balẹ̀ ní Haneda ní ìlú Tokyo, ó sì kọ lu bàálù kékeré kan lórí títì. Ènìyàn márùn-ún kú nínú èyí tí ó kéré. Èyí tí ó tóbi gbiná, ó sì jó di eérú. Ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn 379 tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó jáde láàyè. Wọ́n gbọ́ràn sí àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ lẹ́nu, wọ́n sì fi ẹrù wọn sílẹ̀ jó. Bí ó bá jẹ́ àwa ni, ta ni yóò fi kẹ́ẹ̀gì samusamu sílẹ̀?

OHUN TÍ A FI ŃṢE ÌWÁDÌÍ

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé bí a bá ń wádìí ikú, à ń wá ẹni tí a ó dá lẹ́bi ni, àti pé kò yẹ kí á tú àṣírí òkú. Ẹ wo bí àwọn onímọ̀ ọkọ̀ òfurufú ti ṣe é. Láti ọdún 1951 ni òfin àgbáyé kan ti wà tí ó sọ pé ìdí kan ṣoṣo tí a fi ń ṣe ìwádìí ìjàǹbá bàálù ni kí irú rẹ̀ má baà ṣẹlẹ̀ mọ́. Kì í ṣe láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, wọn a mú àbọ̀ àkọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn náà, wọn a kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ìdí tí ó fi ṣẹlẹ̀, àti àtúnṣe tí ó yẹ. Ilé ẹjọ́ wà lọ́tọ̀ fún ẹni tí ó bá ṣẹ̀ sí òfin. Àbùkù kò sí fún òkú nínú èyí. Ọ̀nà kan ni láti mú kí ikú rẹ̀ ṣe àwọn tí ó kù láǹfààní.

Ẹlòmíràn a ní ìjọba kò ní gbọ́. Nígbà mìíràn, wọn kì í gbọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn àwọn ìjàǹbá ọdún 2005 tí gbogbo ìlú pariwo, òfin tuntun jáde ní ọdún 2006 lórí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú. Òfin náà mú àjọ ìwádìí ìjàǹbá dúró lórí ẹsẹ̀ tirẹ̀. Ní ọdún 2022, a sọ àjọ náà di NSIB, a sì fún un ní àṣẹ láti wádìí ìjàǹbá ọkọ̀ ojú irin àti ti ojú omi pẹ̀lú. Ẹni tí ó dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

IṢẸ́ TÍ Ó WÀ LỌ́WỌ́ WA

Nígbà tí a ti mọ èyí, kí ni ó kan ará oko ní Ẹ̀gbẹ́dá, ní Lágelú, ní Ọ̀nà-Àrà àti ní Akínyẹlé?

Èkínní, ọgbà tí ó yí pápákọ̀ ká. Ní oṣù Keje ọdún 2005, bàálù Air France kan balẹ̀ ní Port Harcourt, ó bá agbo màlúù lórí títì, ó sì pa nínú wọn. Ní ọdún 2017, màlúù gba títì pápákọ̀ Àkúrẹ́, bàálù kò sì rí ibi bà sí lásìkò. Ẹni tí ó bá já ọgbà pápákọ̀ láti fi ṣe ọ̀nà àbùjá lọ sí oko ti ṣí ilẹ̀kùn fún màlúù. Ẹni tí ó bá da ààtàn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti pe ẹyẹ, ẹyẹ tí ó bá sì wọ ẹ́ńjìnnì bàálù lè mú un já. Ẹni tí ó bá sun igbó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn nítòsí ibẹ̀, èéfín rẹ̀ a dí ojú awakọ̀. Kò sí ọlọ́pàá tí ó lè ṣọ́ gbogbo èyí. Ẹni tí ó ń gbé ibẹ̀ ni ó lè ṣọ́ ọ.

Èkejì, ilẹ̀ tí ó wà ní òpin títì. Òfin àgbáyé sọ pé kí a fi ilẹ̀ gbalasa sílẹ̀ kọjá òpin títì, kí bàálù tí kò bá rí bíréèkì mú lè rí ibi dúró sí. 90 mítà ni èyí tí ó kéré jù, 240 mítà ni wọ́n sì gbani níyànjú pé kí ó jẹ́. Ní 2 oṣù Kẹfà ọdún 2012, bàálù akẹ́rù Allied Air kan tí ó ti Èkó lọ balẹ̀ ní Accra. Kò rí ara rẹ̀ dá dúró. Ó já ọgbà, ó jáde sí ojú títì ọkọ̀, ó sì kọ lu bọ́ọ̀sì kan. Ènìyàn 12 tí kò wọ bàálù rárá ni ó kú. Nítorí náà, ẹni tí a bá ń ta ilẹ̀ fún nítòsí òpin títì, kí ó béèrè ohun tí ìwé ìjọba sọ kí ó tó lé bíríkì. Àwọn baálẹ̀ àti àwọn mọ̀lẹ́bí tí ń ta ilẹ̀, kí wọ́n bẹ̀rù Ọlọ́hun. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti kéde pé òun fẹ́ sọ pápákọ̀ Ìbàdàn di ti àgbáyé, bàálù ńlá yóò sì máa wá. Àkókò tí ó yẹ kí a béèrè nípa iná ojú títì, nípa gọ́tà, nípa omi àti ọkọ̀ panápaná nìyí. Kò yẹ kí ó di ẹ̀yìn òkú.

Ẹ̀kẹta, ọjọ́ tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀. Àwa ni a ó kọ́kọ́ débẹ̀. Kí a fi ọ̀nà sílẹ̀ fún ọkọ̀ panápaná. Kí a gba ẹni tí ó wà láàyè là, kí a sì jìnnà sí epo tí ó ń ṣàn. Ohun èlò bàálù tí ó fọ́ ká, kí ẹnikẹ́ni má gbé e lọ tà fún onírin àlòkù; ẹ̀rí ni. Àpò àti owó àwọn tí ó fara pa, ohun ọmọ òrukàn ni ẹ kà á sí.

Ẹ̀kẹrin ni ó tóbi jù. Ẹ jẹ́ kí a mú àṣà àwọn oníbàálù yìí wá sí ojú ọ̀nà oko wa. Ọ̀nà kan wà ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan tí ẹ̀yin náà mọ̀, níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù tí ó kó ẹ̀gẹ́ àti ènìyàn pọ̀ ti máa ń ṣubú. Kọ́nà kan náà ni, kòtò kan náà ni. Lọ́dọọdún ni a ń sin òkú láti ibẹ̀. A ó kírun sí wọn lára, a ó ṣe àdúà, a ó sì ní àmúwá Ọlọ́hun ni. Lẹ́yìn òkú mẹ́ta ní ibi kan ṣoṣo, kí ni ó dé tí kò sí ẹni tí ó mú ṣọ́bìrì?

Àbá wa fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ ni èyí: kí jàmáà kọ̀ọ̀kan ra ìwé kan. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò yín, ẹ kọ ọjọ́, wákàtí, ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀, irú ọkọ̀, iye ènìyàn tí ó gbé, bí táyà rẹ̀ ti rí, bí ọ̀nà ti rí, bóyá òjò rọ̀, bóyá iná wà. Ẹ má kọ àhesọ, ẹ má kọ orúkọ ẹni tí ẹ fẹ́ bà jẹ́. Ohun tí ojú rí ni kí ẹ kọ. Ní òpin oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ẹ kà á jáde lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Èyí tí ọwọ́ yín bá ká, ẹ tún un ṣe pẹ̀lú iṣẹ́ àáró. Ẹ dí kòtò, ẹ gé igbó tí ó bo kọ́nà, ẹ bá àwọn awakọ̀ sọ̀rọ̀. Èyí tí ó bá ju agbára yín lọ, ẹ mú ìwé náà lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ àti sọ́dọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó. Ìwé tí ó ní ọjọ́ àti iye nínú ṣòro láti fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn.

Bí ọkọ̀ bá sì kún jù, tí ẹ wà ní gáréèjì, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Bí awakọ̀ bá mu ọtí, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Bí ọ̀kadà bá fẹ́ gbé ẹni mẹ́ta nínú òjò, ẹ fi ẹsẹ̀ rìn. Wọn yóò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, wọn yóò ní ìgbàgbọ́ yín kò tó. Ẹ sọ fún wọn pé ẹnì kan wà tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ tó, tí ó dé Sargh, tí ó sì padà.

Ẹ̀mí ẹni tí ó bá kú, ẹ fi lé Ọlọ́hun lọ́wọ́, ẹ sì gba ìpín náà pẹ̀lú sùúrù. Ẹ̀mí ẹni tí ó kù, Ọlọ́hun ti fi apá kan nínú ìṣọ́ rẹ̀ lé wa lọ́wọ́, yóò sì bi wá léèrè. Kí Ọlọ́hun ṣe àbọ̀ gbogbo arìnrìn-àjò wa ní ìrọ̀rùn, kí ó forí jin àwọn tí wọ́n kú ní Kano àti ní Jeddah, kí ó sì fún wa ní ọgbọ́n láti ṣẹ́rí padà nígbà tí ó bá yẹ. Aamiin.